Ihò Àpáta Tí Wọ́n Ń Tì Láti Inú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará Òkè-Àwín, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa rún un, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń fi pa yín lẹ́rìn-ín. Màmá Rúùtù dìde nínú ìjọ láàárọ̀ yìí, ó béèrè lọ́wọ́ katikísì pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ìgbàlà, kí ló dé tí kò kúkú fa gbogbo wa lọ́wọ́ wọlé. Àti pé ọkọ òun tó ti ní òun kò ṣe, kí ni àǹfààní àdúrà tí òun ń gbà lórí rẹ̀? Katikísì ṣí ìwé, ó dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí i pé obìnrin náà ṣì ń nu ojú nígbà tó jókòó. Èmi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo ti há rí, mo mọ bí mo ṣe jáde, mo sì mọ ẹni tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ. Ẹni tó bá rí ìdáhùn nínú rẹ̀, kó mú un.

Kí n tó di ẹni tí ń gbé àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ ni mí, kì í sì í ṣe ọdẹ tí ń yìnbọn sí ọ̀kẹ́rẹ́. Bí mo bá wọ igbó, ẹyẹ á dákẹ́. Mo pa erin ní etí odò, mo pa àmọ̀tẹ́kùn lórí igi, mo tẹ ejò mọ́lẹ̀ mo sì bá a wí kí n tó gé orí rẹ̀. Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni, bó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Dọ́káàsì ìyàwó mi ti gba Jésù láti ọdún kejì tí mo gbé e wọlé. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán ní ọ̀sán gangan, bó bá ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, tí á máa dárúkọ mi fún Ọlọ́run. Inú á bí mi. Mo máa ń ní, “Ṣé òkú ni mí ni, tí o fi ń ránṣẹ́ mi sọ́run?” Á ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Sámúẹ́lì,” á sì tún kúnlẹ̀ lọ́la.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Ọdẹ́yalé lorúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ohun tó ń mì nínú oko ẹ̀gẹ́, ó rò pé ẹtu ni, ó yìnbọn sí i. Oyèwùsì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ké. Àbúrò mi ju ìbọn sílẹ̀, kò wo ẹ̀yìn, ó sá wọ Igbó Ọlọ́gbun, níbi tí ọdẹ kankan kì í dá wọ̀. Oyèwùsì kò kú. Ọta ba itan rẹ̀ jẹ́, ó di ẹni tó ń tiro, ṣùgbọ́n kò kú, kò sì bínú. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé kí wọ́n bá òun sọ fún Ọdẹ́yalé kó máa bọ̀ nílé, òun ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà dé inú igbó yẹn? Oṣù mẹ́ta kọjá. Ìyá wa kò jẹun mọ́. Mo bá dìde, mo ní èmi ni n ó lọ mú un wá, bó fẹ́ bó kọ̀.

Dọ́káàsì dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n gbàdúrà fún yín.”

Mo ní, “Gbà á fún ara rẹ. Èmi ní ìbọn.”

“Ẹ ò lè ní kí n má gbà á.”

“N ò ní kí o má gbà á. Mo ní n kò fẹ́ gbọ́.”

Ó ní, “Ó dáa. Ẹ máa lọ.”

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dá yín lágara. Lọ́jọ́ karùn-ún mo dé odò kan tí omi rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé e bí afárá, ẹ̀dá kan sì jókòó sórí rẹ̀. Ó ga tó igi àgbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke, iwájú orí rẹ̀ dán, kò sí ojú níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ń wò mí látòkè délẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo gbé ohùn sókè, mo ní, “Kúrò lọ́nà! Àbúrò mi ni mò ń wá.”

Ó ní, “Ó ti kọjá. Ó fún mi ní ipasẹ̀ rẹ̀ kó tó kọjá.”

“Ipasẹ̀ báwo?”

“Gbogbo ibi tó ti fẹsẹ̀ tẹ̀ láti ilé rẹ̀ dé ibí. Tèmi ni. Kò tún ní rí i mọ́.”

“Báwo ni yóò ṣe wá mọ ọ̀nà ilé?”

“Ó ní òun ò padà sílé.” Ó pa àtẹ́lẹwọ́ kan dé, ó fi èkejì wò mí. “Ìwọ náà, gbé tìrẹ sílẹ̀. Tàbí kí o dáhùn ìbéèrè kan kí o kọjá lásán. Kí ni alágbára lè tì, tí agbára rẹ̀ kò lè ṣí?”

Ẹ̀yin ará, mo ronú títí òógùn fi bò mí. Mo ní, “Ojú òkú ni.” Ó ní òkú kì í ṣe alágbára. Mo ní, “Ibojì ni.” Ó ní òkú kọ́ ló ń ti ibojì ara rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Iwájú lo máa ti rí i. Gbé ipasẹ̀ rẹ sílẹ̀.” Nítorí ìgbéraga, mo ní kó máa kó o lọ, pé èmi Ọdẹ́rìndé kì í sọnù nínú igbó. Bí mo ṣe dé òdìkejì tí mo wo ẹ̀yìn, koríko tí mo tẹ̀ ti nà dìde, ẹrẹ̀ ti pa ojú ẹsẹ̀ mi dé, bí ẹni pé wọn kò bí mi rí.

N kò tíì rìn jìnnà tí ẹfọ̀n kan já lu mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ẹfọ̀n rí, ẹ fi ìlọ́po méjì kún un. Mo gbé ìbọn sójú, mo fà á, ó dún “kẹ́”, iná kò jáde. Mo tún fà á, “kẹ́”. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, ọdún púpọ̀ ni n kò fi lè sọ ọ́ lójú ènìyàn: mo sá. Ìbọn jábọ́, àpò jábọ́, fìlà jábọ́, mo ń ké bí ọmọdé. Èémí ẹfọ̀n náà ń jó mi lọ́rùn nígbà tí mo rí àpáta ńlá kan tó lẹ́nu, tí ìlẹ̀kùn òkúta rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo bẹ́ sínú, mo fi èjìká ti ìlẹ̀kùn náà pa, mo rí ọ̀pá ìdábùú kan lára ògiri, igi ìrókò ni, mo gbé e, mo fi dí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn mi, ohùn tútù, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń rẹ ọmọ lẹ́kún: “Káàbọ̀, Ọdẹ́rìndé, ẹni tó pa ẹfọ̀n.”

Mo yí padà. Ẹ̀dá tí mo rí fẹ̀ tó ahéré, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, kò léegun, ẹnu rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Jókòójẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Mo ní, “N kò pa...” Ó ní, “Ìwọ lo pa á. Ta ló rí ọ nígbà tó ṣẹlẹ̀?” Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Òótọ́ ni. Mo pa á.” Ó ní, “Jókòó, kí o sọ fún wa.”

Inú ihò náà fẹ̀ ju ọjà wa lọ, àwọn ènìyàn sì jókòó lórí òkúta ní ẹsẹẹsẹ. Olúkúlùkù ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bó ti wù ú, àwọn tó kù ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí!” Obìnrin kan tó lé ìyá rẹ̀ jáde nílé ń ṣàlàyé bí òun ṣe tọ́jú ìyá òun tó. Wọ́n ń ní, “Bẹ́ẹ̀ ni!” Ní ìlà kẹta mo rí àbúrò mi. Ewéèdò ara òkúta ti hù sí i léjìká. Ó kí mi, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu,” ó sì padà sídìí ìtàn rẹ̀, ìtàn ẹtu tó pa nínú oko ẹ̀gẹ́, ẹtu lásán. Mo ní n ó kọ́kọ́ sinmi kí n tó mú un. Mo jókòó, mo ní kí wọ́n gbọ́ bí mo ṣe pa ẹfọ̀n. Nígbà àkọ́kọ́ mo fi ìbọn pa á. Nígbà kejì mo fi àdá pa á. Nígbà kẹta ọwọ́ lásán ni mo fi fún un lọ́rùn. “Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí!” Òkúta tí mo jókòó lé ń móoru lábẹ́ mi bí ibùsùn tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. N kò mọ ọjọ́ tó kọjá.

Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo tó mọ̀. Ara itan mi ti hù mọ́ òkúta. Mo tì, mo fà, mo ké, pàbó ni. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, ti ẹfọ̀n kò tó o. Oògùn egbé kan ṣẹ́kù ní ìbàdí mi, èyí tí baba mi fún mi pé yóò gbé mi kúrò níbikíbi tí wàhálà bá wà. Mo pè é. Ó gbé mi lóòótọ́, ó gbé mi tòkúta-tòkúta, ó fi orí mi gbá àjà ihò náà, gbàù! ó sì jù mí sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni!” Mo na ọwọ́, mo di ọ̀pá ìdábùú mú. Ọ̀pá tí mo fi ọwọ́ kan gbé nígbà tí mò ń wọlé, kò mira. Awọ ọwọ́ mi bó, kò mira. Mo rántí ẹ̀dá orí odò, mo sì mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì láti inú ni, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ibẹ̀ ni mo wà, tí mò ń sunkún, tí mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Ìtànṣán oòrùn kan gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé lókè, mo fi mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni, ohùn náà sì bá a wọlé: “Olúwa, Ọdẹ́rìndé ọkọ mi rèé o. N kò mọ ibi tó wà. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó sú ọ.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jókòójẹ́jẹ́ wọ́ ara rẹ̀ wá, ó fi amọ̀ dí ojú ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n, amọ̀ náà já, ohùn náà tún wọlé.

Mo bi Jókòójẹ́jẹ́, “Ṣé o kò lè pa á lẹ́nu mọ́ ni?”

Ó ní, “Mo ti gbìyànjú fún ọdún mọ́kànlá.”

“Ṣé àdúrà rẹ̀ lè yọ mí níbí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò lè gbé ọ̀pá yẹn. Ẹ̀mí rẹ kọ́ ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lè fọ́ àpáta yìí bí ẹni fọ́ ẹyin, ṣùgbọ́n kò fọ́ ọ rí látọjọ́ tí mo ti wà níbí. Kí lo rò pé ó fà á?” Ó wá ní, “Tún sọ ti ẹfọ̀n fún wa.”

N kò sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dákẹ́. Bí mo ṣe dákẹ́ ni mo gbọ́ ohun tí ariwo wa kò jẹ́ kí n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ń kan ìlẹ̀kùn níta. Kò gbá a. Ó ń kàn án jẹ́jẹ́, bí àlejò tó mọ̀ pé onílé wà nílé.

Mo ní, “Ta nìyẹn?”

Ohùn kan dáhùn láti ìta, “Ẹni tí ìyàwó rẹ ń bá sọ̀rọ̀.”

“Fọ́ ìlẹ̀kùn yìí! Ṣé o kò lágbára ni?”

“Mo lágbára. Ìwọ lo tì í. Ṣé o fẹ́ kó ṣí?”

“Ọwọ́ mi kò gbé e!”

“N kò béèrè bóyá ọwọ́ rẹ gbé e. Mo ní, ṣé o fẹ́?”

Ẹ ó rò pé ìdáhùn yẹn rọrùn. Ẹ kò tíì há rí ni. Bí mo bá jáde, ọdẹ tó sá ni mo jáde. Nínú lọ́hùn-ún, èmi ni mo pa ẹfọ̀n. Ẹnu mi wúwo ju ọ̀pá lọ. Ẹni náà ń dúró, kò kán mi lójú. Níkẹyìn mo ní, “Mo sá fún ẹfọ̀n.” Ó ní, “Mo mọ̀.” Mo ní, “Mo ké bí ọmọdé.” Ó ní, “Mo gbọ́.” Mo ní, “Mo fẹ́. Jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde.” Agbára kan wọ apá mi, n kò ní parọ́ pé tèmi ni, nítorí mo mọ bí tèmi ṣe rí. Ọ̀pá náà fúyẹ́ bí pòròpórò àgbàdo. Mo ya ara mi kúrò lórí òkúta, awọ itan mi dúró síbẹ̀, àpá rẹ̀ wà lára mi títí di ìsinsìnyí.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Àárín méjì ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni mo ti rántí àbúrò mi. Mo sáré padà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, mo gbé e léjìká tòkúta-tòkúta, mo gbé e jáde sínú oòrùn. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní, “Ọdẹ́yalé, Oyèwùsì kò kú! Ó ní òun ti dárí jì ọ́!”

Ó ní, “Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Jókòójẹ́jẹ́ ti sọ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́.”

“O mọ̀? Kí lo wá ń ṣe níbí?”

“Ká ní ó kú ni, ǹ bá wá gba ìyà mi. Ká ní ó ń bínú ni, à bá jọ jà. Ṣùgbọ́n ó dárí jì mí. Báwo ni n ó ṣe máa pàdé rẹ̀ láràárọ̀, tí yóò tiro wá bá mi, tí yóò rẹ́rìn-ín sí mi? N kò lè gbà á. Ẹ gbé mi padà.”

“N kò gbé ọ padà! Àfi kí o bá mi lọ, bó o fẹ́ bó o kọ̀!”

Ó gé mi lọ́wọ́ jẹ. Mo jù ú sílẹ̀ nítorí ìrora, kí n tó dìde ó ti rá pálá wọlé, ó ń wọ́ òkúta rẹ̀ lẹ́yìn bí ìgbín, ìlẹ̀kùn pa dé, mo sì gbọ́ tí ọ̀pá ìdábùú bọ́ sáyè rẹ̀. Mo gbá ìlẹ̀kùn náà títí ọwọ́ mi fi wú. Mo yí padà kí n lè bínú sí ẹni tó ń kànkùn, kí n bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kó wọlé. N kò rí ẹnì kankan. Ohun tí mo rí ni ojú ìlẹ̀kùn náà: ibì kan wà níbẹ̀ tó ti jìn wọnú tó ìkúùkù, òkúta líle tí ìkànkùn ti jẹ, ẹ̀jẹ̀ tútù sì wà nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Bí mo ṣe ń sunkún ni mo gbọ́ tí ìkànkùn tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́jẹ́, nítorí àbúrò mi.

Ipasẹ̀ kò sí tí n ó tọ̀ délé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, n ó gbọ́ ohùn Dọ́káàsì láti ọ̀nà jíjìn, n ó sì máa rìn tọ̀ ọ́ títí yóò fi ní “Àmín”. Bó bá ti dákẹ́, n ó jókòó sójú kan náà di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi rìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yọ lẹ́yìn ilé, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Kò pariwo. Ó wo itan mi, ó lọ gbé omi gbígbóná. Bó ṣe ń wẹ egbò náà ni mo bi í, “Ṣé o mọ̀ pé n ó jáde ni?”

Ó ní, “Rárá. N kò mọ̀.”

“Kí lo wá ń gbà á fún, fún ọdún mọ́kànlá?”

Ó ní, “Bàbá Sámúẹ́lì, n kò fà yín. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹran tí wọ́n ń fokùn fà. Mò ń bẹ Ẹni tó ni yín pé kó má kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín.” Ó fún omi kúrò lára aṣọ tó fi ń wẹ egbò náà. “Ẹ dúró dáadáa, ó kù díẹ̀ lókè.”

Ọdún kẹfà rèé. Ìyá wa ti kú. Mo ti rí ọ̀nà mìíràn tí kò gba orí igi odò yẹn, lọ́dọọdún lẹ́yìn ìkórè iṣu ni mo ń lọ síbẹ̀, tí n ó fi ẹnu kan òkúta náà, tí n ó ròyìn ilé fún Ọdẹ́yalé. Ìtàn ẹtu ló fi ń dá mi lóhùn. Lọ́dún yìí, Oyèwùsì ní òun ó bá mi lọ. Mo ní ọ̀nà jìn fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni. Nígbà tí a dé ibẹ̀, tó ń tiro lọ sídìí ìlẹ̀kùn, ohùn àbúrò mi gé lójijì láàárín ìtàn.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ mú wá?”

Oyèwùsì ní, “Èmi ni.”

Àbúrò mi ní, “Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?”

“Bí òjò bá fẹ́ rọ̀ ni ó máa ń dùn mí.”

“Ṣé ó ń dùn ọ́ báyìí?”

“Ó ń dùn mí.”

Àbúrò mi ní, “Òjò fẹ́ rọ̀ nìyẹn.”

Oyèwùsì fi ọwọ́ lé òkúta náà. Ó ní, “Jáde wá wò ó.”

A gbọ́ tí nǹkan wúwo kan fà nílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ òkúta bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó fà, ó dúró. N kò ní parọ́ fún yín: a dúró títí òjò fi rọ̀ tó sì dá, ọ̀pá ìdábùú kò ró. Ṣùgbọ́n n kò retí pé yóò di ọdún tó ń bọ̀ kí a tó padà síbẹ̀. Oyèwùsì ti wà nílé mi láti àárọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń bi mí pé kí la tún ń dúró ṣe.